Ọmọ Mi Bèèrè Nípa Ìmọ́lẹ̀, Mo Pa Á Lẹ́nu Mọ́

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe fàtúwà, kì í sì í ṣe wáàsí. Àṣìṣe tí mo ṣe nínú ilé mi ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti bí Ọlọ́hun ṣe fi tẹ̀súbáà kan tún un ṣe. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé, tó tún ń lọ sí ilé kéú, kí ó fara balẹ̀ kà á.

Ìyá ìyàwó mi lọ sí Háàjì ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí Àlàájà ń bọ̀, ó ra tẹ̀súbáà kan wá fún àkọ́bí mi obìnrin, irú èyí tó máa ń tàn bí àwọ̀ ewé nínú òkùnkùn. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí ló máa ń fi í sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, wọ́n ti mú iná lọ. Gbogbo wa jókòó sí pálọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọ náà nígbà yẹn. Ó gbé tẹ̀súbáà rẹ̀ sókè, ó ní: “Abiy, kí ló ń jẹ́ kí èyí máa tàn nígbà tí kò sí iná?” Mo ní àwọn tó ṣe é ló fi nǹkan kan sí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní: “Mo wo fídíò kan lórí fóònù Ummi. Wọ́n ní wóró wóró ni ìmọ́lẹ̀. Wọ́n tún ní wóró kan ṣoṣo lè gba ọ̀nà méjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé òótọ́ ni?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kàkà kí n sọ pé n kò mọ̀, ńṣe ni mo le ojú mọ́ ọn. Mo ní: “Irú ọ̀rọ̀ kèfèrí wo nìyẹn? Báwo ni ohun kan á ṣe wà níbi méjì? Gbé Kùránì rẹ wá, jẹ́ ká gbọ́ ibi tí o há sórí dé.” Ó gbé Kùránì rẹ̀ wá. Ó ka Sūratu-l-Mulk láìṣì. Mo yìn ín, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyàwó mi pè mí sí yàrá. Ó ní: “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ọmọ yín bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, ó sì ní kí n má sọ fún yín.” Mo ní kí ni ọ̀rọ̀ náà. Ó ní: “Ó bi mí bóyá Ọlọ́hun kì í fẹ́ràn àwọn tó bá ń kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun á máa fi ti ilé-ìwé sílẹ̀ ní ilé-ìwé, kí Abiy má baà bínú.”

N kò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ náà kò bá mi jà, kò kọ̀ láti kírun, kò sá fún kéú. Ó kàn pín ọkàn rẹ̀ sí yàrá méjì ni, ó sì ti ilẹ̀kùn àárín wọn. Èmi ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ tó fi tì í. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n fi máa dé yunifásítì, yàrá kan á ti máa gbòòrò, eruku á sì ti bo ìkejì. Àwọn òbí wọn á máa sọ pé ìwé ló ba ọmọ jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwa la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo rántí ara mi. Mo ń bọ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo bi ààfáà wa ní ilé kéú pé kí ló dé tí òṣùpá fi máa ń tẹ̀lé èèyàn bí a bá ń rìn lálẹ́. Pàṣán ló fi dá mi lóhùn. Kí Ọlọ́hun forí jì í, ó kọ́ mi ní Kùránì dáadáa, n kò sì yé ṣàdúà fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò bi í ní ohunkóhun mọ́ ju bí wọ́n ṣe ń pe háráfì lọ. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, èdè Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni mo yàn. N kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti físíìsì kò tún pàdé mọ́, àfi ìgbà tí ọmọ mi mú un wọlé wá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé bí wọ́n bá pè mí láti sọ̀rọ̀ níbi àpèjọ àwọn ọ̀dọ́, mo máa ń fi Ibn al-Haytham yangàn. Mo máa ń sọ pé Basra ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 965, pé ó gbé ní Cairo, ibẹ̀ ló sì kú sí ní nǹkan bí 1040, pé òun ló kọ Kitāb al-Manāẓir lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran. Ṣùgbọ́n kí ni ọkùnrin náà ṣe gan-an? Àwọn kan ṣáájú rẹ̀ ní ojú èèyàn ló ń yọ ìtànṣán jáde kí ó tó ríran. Ó ní rárá, ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ara nǹkan wá sínú ojú. Kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ó lo yàrá tó ṣókùnkùn tó ní ihò kékeré, ó sì wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ibẹ̀ wọlé. Nínú ìwé mìíràn tó fi yẹ iṣẹ́ Ptolemy wò, ó jẹ́ kó yé wa pé ẹni tó ń wá òtítọ́ kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ àwọn aṣáájú láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ níwájú èèyàn, mo wá dé ilé, mo pa ọmọ tó ń bèèrè nípa ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu mọ́!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo pè é. Mo ní: “Ìyá mi, ìbéèrè tí o bi mí lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ̀ ọ́n. Ojú ló tì mí tí mo fi jágbe mọ́ ọ. Má bínú.” Ó wò mí títí. Ó ní: “Abiy, ṣé ẹ̀yin náà máa ń ní nǹkan tí ẹ ò mọ̀?” Mo ní ó pọ̀ ju èyí tí mo mọ̀ lọ. Mo wá sọ ìtàn Imāmu Mālik fún un, tí ọ̀pọ̀ ọmọ kéú mọ̀: wọ́n kó ìbéèrè púpọ̀ wá bá a, ó dáhùn díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì sọ lórí èyí tó pọ̀ jù pé òun kò mọ̀. Ìyẹn kò dín iyì rẹ̀ kù títí di òní. Mo ní: “Jẹ́ kí èmi àti ìwọ jọ wá a.” Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé-ìwé girama. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní: “Ààfáà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó le jù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà méjì yẹn sílẹ̀ ná. Tẹ̀súbáà yẹn ni kí ẹ mú.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi ṣe é, alẹ́ ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan. Mo ṣàlàyé rẹ̀ síbí kí ẹ̀yin náà lè gbìyànjú rẹ̀ nílé. Kò gba owó púpọ̀.

Alẹ́ kìíní, ara orúkọ ìmọ̀ náà la ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ tèmi ti lè múlẹ̀. Quantum ni wọ́n ń pè é. Èdè Látìn ni, ó túmọ̀ sí “báwo ló ṣe pọ̀ tó”. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní kamm, ara ọ̀rọ̀ kam ló sì ti jáde, kam kan náà tí à ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èdè Lárúbáwá: kam kitāban, ìwé mélòó? Mo ní: “Ìyá mi, o ti ń ka kam láti kékeré. Ìmọ̀ ‘mélòó’ ni wọ́n ń pè ní quantum.”

Mo gbé ife omi kan kalẹ̀, mo gbé tẹ̀súbáà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ó bu omi díẹ̀ fún mi, ó bù ú. Mo ní kí ó dín in kù díẹ̀, ó dín in kù. Mo wá ní kí ó fún mi ní ìlàjì ẹyọ kan lára tẹ̀súbáà. Ó ní kò ṣeé ṣe, àfi kí òun fọ́ ọ. Mo ní bó ṣe rí nìyẹn. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti rò pé agbára tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ dà bí omi, pé ó ṣeé bù bó bá ṣe wù wá. Ní ọdún 1900, Max Planck ní Jámánì ń ṣe ìṣirò lórí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára ohun tó gbóná. Ìṣirò náà kò bára mu títí ó fi gbà pé ẹyọ ẹyọ ni agbára náà ń wọlé tó sì ń jáde. Ní 1905, Albert Einstein sọ pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ gan-an, ẹyọ ẹyọ ni. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ni wọ́n wá ń pè ní fótónù.

Ọmọ náà ní: “Ṣùgbọ́n Abiy, tíṣà wa sọ pé omi náà, wóró wóró ni tí a bá wò ó dé ìsàlẹ̀.” Mo ní ó gbà mí níbẹ̀. Àpèjúwe ni omi tí mo lò, àpèjúwe kì í sì í rìn dé òpin ọ̀nà. Mo fi kún un pé ohun tó sọ yẹn tún fi hàn bí ọ̀rọ̀ “mélòó” ṣe jinlẹ̀ tó nínú ẹ̀dá Ọlọ́hun.

Alẹ́ kejì, a lọ síbi àtẹ̀gùn ilé. Mo ní kí ó dúró sórí àkọ́kọ́, ó dúró. Mo ní kí ó dúró sórí ìkejì, ó dúró. Mo ní kí ó wá dúró sí àárín méjèèjì. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń mì, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé ohun gbogbo tí à ń fọwọ́ kàn, inú átọ̀mù ni ó ti wá, àti pé àwọn wóró tó ń jẹ́ ẹ̀lẹ́ktrọ́nù wà nínú átọ̀mù. Niels Bohr, ará Denmark, sọ ní 1913 pé agbára tí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù lè ní nínú átọ̀mù dà bí àtẹ̀gùn: ìpele kan, ìpele kejì, kò sí àárín. Tó bá fẹ́ gòkè, ó gbọdọ̀ gba agbára tó tó ìpele náà. Tó bá já wálẹ̀, ó lè dá agbára náà padà bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan. Bí ìpele tó já bá ga, ìmọ́lẹ̀ náà lè jẹ́ búlúù. Bí kò bá ga tó bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pupa. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ búlúù lágbára ju ẹyọ ìmọ́lẹ̀ pupa lọ. Mo ní kí ó há gbólóhùn yìí sórí bó ṣe ń há āyah, nítorí òun la máa lò ní alẹ́ kẹta.

Alẹ́ kẹta ni n kò lè gbàgbé. Mo ra gílóòbù kan tó ń pààrọ̀ àwọ̀ pẹ̀lú rìmóòtù. A ti fi aṣọ dúdú wé tẹ̀súbáà náà láti àárọ̀, a fi sínú àpótí, kí ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ lè tán pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ bi ọmọ náà, kí èmi náà sì dáhùn nínú ọkàn mi: èwo ló máa jẹ́ kí tẹ̀súbáà tàn, iná pupa tó mọ́lẹ̀ gan-an tàbí iná búlúù tí a dín kù? Ọmọ náà ní iná pupa tó mọ́lẹ̀ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

A tan iná pupa, a gbé e dé òpin. Gbogbo yàrá pupa. A fi tẹ̀súbáà sábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a pa iná. Òkùnkùn biribiri. A tún fi í síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kò sí nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní tẹ̀súbáà náà ti bàjẹ́. A wá tan iná búlúù, a dín in kù, a fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, a pa iná. Tẹ̀súbáà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, a lè ka ẹyọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà ní: “Abiy, ó dà bí máńgòrò ilé Àlàájà.” Mo ní báwo? Ó ní: “Àwa ọmọdé mẹ́wàá lè máa ju òkúta láti àárọ̀. Bí òkúta ẹnìkankan nínú wa ò bá dé òkè, kò sí èyí tó máa já. Ṣùgbọ́n bí bùọ̀dá kan tó lágbára bá ju ẹyọ kan ṣoṣo, ó máa já.” Ọlọ́hun Ọba! Ọmọ náà ti gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí a bá fi kún iná pupa, iye ẹyọ la fi kún, a kò fi kún agbára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ká ní bí omi ni ìmọ́lẹ̀ rí lóòótọ́, bí a bá dà á pẹ́ títí, ife ì bá kún. Kò kún, nítorí ẹyọ ẹyọ ni. Ẹyọ búlúù ló lágbára tó láti gbé ẹ̀lẹ́ktrọ́nù gòkè nínú ohun tí wọ́n fi ṣe tẹ̀súbáà náà. Agbára yẹn á há síbẹ̀, á wá máa jáde díẹ̀díẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí nìyẹn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni Einstein ṣàlàyé ní 1905, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń lé ẹ̀lẹ́ktrọ́nù jáde lára irin, òun ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1921. Sólà tó wà lórí òrùlé mọ́ṣáláṣí wa náà, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tú ẹ̀lẹ́ktrọ́nù sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí a fi ń rí iná fún ìpèrun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé ti àwọn ẹlòmíràn nìkan ni iṣẹ́ yìí. Ahmed Zewail, ọmọ Íjíbítì, gba Nobel ti kẹ́mísírì ní 1999. Moungi Bawendi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Tunisia, wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ti 2023, lórí àwọn wóró tíntìntín tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe tóbi sí ló ń pinnu àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn. Wọ́n ti ń lò wọ́n nínú tẹlifíṣọ̀n.

Alẹ́ kẹrin, a wá kojú ìbéèrè ọ̀nà méjì. A lo tọ́ọ̀ṣì léésà kékeré. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọmọ nìkan, kí ẹnikẹ́ni má sì tọ́ ọ sí ojú. Mo tàn án sí ara ògiri, ó rí bí ẹyọ kan pupa. Ọmọ náà wá na irun orí kan ṣoṣo kọjá níwájú rẹ̀. A rò pé a máa rí òjìji irun. Ohun tí a rí ni ìlà ìmọ́lẹ̀ tó nà lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó gé wẹ́wẹ́: ibi kan mọ́lẹ̀, ibi kan ṣú, ibi kan mọ́lẹ̀, ibi kan ṣú. Mo gbé abọ́ omi wá, mo ní kí ó fi ìka méjì máa lu omi náà pọ̀. Ìgbì méjì pàdé. Níbì kan wọ́n gbé ara wọn sókè, níbì kan wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ tó gba apá ọ̀tún irun àti èyí tó gba apá òsì ṣe lára ògiri nìyẹn. Nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń ṣe bí ìgbì. Ṣùgbọ́n tẹ̀súbáà ti jẹ́ ká rí i pé ẹyọ ẹyọ ni.

Ibi tó ti ṣòro gan-an nìyí. Ní Japan ní 1989, Akira Tonomura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀lẹ́ktrọ́nù ṣe é. Wọ́n ń rán wọn lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún wọn ní ọ̀nà méjì láti gbà. Ẹ̀lẹ́ktrọ́nù kọ̀ọ̀kan kàn tọ́ ẹyọ kan sójú ibi tó bọ́ sí, bí ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Nígbà tí ẹyọ náà wá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìlà tó mọ́lẹ̀ àti èyí tó ṣú yọ síta. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù mìíràn lọ́nà tó lè bá èyí tó ń lọ pàdé. Bí èèyàn bá sì ṣe ohun tó máa jẹ́ kó mọ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, ìlà náà á parẹ́.

Mo sọ fún ọmọ mi pé: “Ṣé o rí i, kì í ṣe bíi kí èèyàn wà ní Ìlọrin kí ó tún wà ní Ìbàdàn. Ohun tí ìṣirò àwọn onímọ̀ lè sọ ni ibi tó ṣeé ṣe kí wóró náà bọ́ sí, kò sì ní pé àfi kí wọ́n ka ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ìṣirò náà kì í tàsé. Ṣùgbọ́n ohun tí wóró náà ń ṣe gan-an lójú ọ̀nà, àwọn onímọ̀ fúnra wọn ò tíì fẹnu kò lé e lórí.” Ó ní: “Títí di òní?” Mo ní títí di òní.

Ó ronú. Ó wá bi mí ní èyí tó le ju gbogbo wọn lọ: “Abiy, bí ẹnikẹ́ni ò bá lè sọ ibi tí ẹyọ kan máa bọ́ sí, ṣé Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n?”

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ wo ìbéèrè tí ì bá dúró sínú yàrá tó tì pa! Ká ní n kò ṣí ilẹ̀kùn náà, ta ni ì bá bi? Mo dá a lóhùn pé ohun tí irinṣẹ́ èèyàn lè wọ̀n ni físíìsì ń sọ. Àìlèmọ̀ náà, ti àwa ẹ̀dá ni. Sūratu-l-Anʿām kọ́ wa pé ìmọ̀ Ọlọ́hun ká gbogbo ohun tó pamọ́, títí dé orí ewé tó ń bọ́ lára igi. Mo sì ṣe é ní àlàyé fún un pé ìgbàgbọ́ ni mo fi dáhùn èyí, kì í ṣe léésà àti irun orí. Ohun méjì ni, mi ò sì fẹ́ kí ó da ọ̀kan pọ̀ mọ́ ìkejì. Wọ́n lè gbé inú ọkàn kan náà láìjà.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kìlọ̀ fún wa. Àṣìṣe méjì ló wà. Tèmi ni àkọ́kọ́: kí a máa pe ohun tí a ò mọ̀ ní kèfèrí. Èkejì ni kí a máa sáré sọ pé gbogbo rẹ̀ ti wà nínú Kùránì. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé dharrah tó wà nínú Sūratu-z-Zalzalah, átọ̀mù ni, pé físíìsì quantum nìyẹn. Olùkọ́ èdè Lárúbáwá ni mí, mi ò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn Lárúbáwá òde òní ń pe átọ̀mù ní dharrah lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yá ọ̀rọ̀ náà lò ni. Àwọn onítafsíìrì ìgbàanì túmọ̀ rẹ̀ sí èèrà tó kéré gan-an, tàbí eruku tí à ń rí nínú ìtànṣán oòrùn. Ohun tí sūrah náà ń kọ́ wa ni pé iṣẹ́ wa kò ní sọnù bó ti wù kó kéré tó. Ẹ̀kọ́ yẹn tó wa. Ìmọ̀ àwọn èèyàn máa ń yí padà. Bí a bá so ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun mọ́ ọn lónìí, tí wọ́n bá sì tún un ṣe lọ́la, kí la máa sọ fún ọmọ?

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi orúkọ quantum ta ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́ àti omi ìwòsàn. Ní Disẹ́ḿbà 2021, àwọn aláṣẹ ní Netherlands kìlọ̀ nípa irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní ó ń fúnni ní agbára. Wọ́n rí i pé ó ń tú ìtànṣán olóró jáde. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán tẹ̀súbáà wò kò ní tètè bọ́ sọ́wọ́ irú wọn.

Ẹ̀yin òbí, mi ò sọ pé kí gbogbo wa di onífísíìsì. Mi ò tíì di ọ̀kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ọmọ bá bèèrè ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tó rò kí ẹ tó dán an wò, kí ẹ̀yin náà sì gbà bí ẹ bá ṣì í. Nínú Sūratu Ṭāhā, Ọlọ́hun pa Ànábì wa láṣẹ pé kí ó máa tọrọ àlékún ìmọ̀. Bí ẹni tó mọ̀ jù nínú wa bá ń tọrọ àlékún, ta ni èmi tí mo fi ń ṣe bí ẹni pé tèmi ti pé?

Ní Àìkú tó kọjá, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé kéú. Ọmọkùnrin kékeré kan nawọ́ sókè láàárín ẹ̀kọ́. Ó ní: “Ààfáà, kí ló dé tí òṣùmàrè fi máa ń tẹ̀ kọrọdọ?” Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo rí i pé àwọn ọmọ kò wo ẹnu mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, bóyá máa na án sí ibi tí pàṣán wà.

Mo ní: “Mi ò mọ̀ ọ́n. Rán mi létí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ti wádìí rẹ̀.” Mo kọ ìbéèrè náà sójú pátákó kí n má baà gbàgbé. Kí n tó yíjú padà, ọwọ́ mẹ́ta mìíràn ti wà lókè.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní, kí Ó fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtura ojú fún wa, kí Ó má jẹ́ kí ẹnu wa jẹ́ ohun tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kí Ó forí jin àwọn olùkọ́ wa, kí Ó sì forí jin àwa náà. Àmín.